Bí òbí ṣe lè ka èsì ìdánwò tí ìjọba ń gbé jáde nípa ilé ẹ̀kọ́ àti kọ́lẹ́ẹ̀jì ní England

Bí ọmọ yín ní Peckham bá pe ìyá àgbà n'Íbàdàn pé òun gba 9 nínú Ìṣirò, ẹ tètè gba fóònù lọ́wọ́ rẹ̀ kí ẹ ṣàlàyé. Ẹni tó ṣe WAEC mọ̀ pé F9 ni 9, àánú ọmọ ni yóò máa ṣe màmá. Ní England, 9 ni òkè téńté. Láti 2017 ni wọ́n ti ń fi nọ́ńbà rọ́pò lẹ́tà nínú GCSE (ìdánwò tí ọmọ ń ṣe ní nǹkan bí ọmọ ọdún 16), Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò ló sì kọ́kọ́ yí. 9 ló ga jù, 1 ló kéré jù, ẹni tí kò rí nǹkan kan mú, U ni wọ́n ń kọ fún un. Ìsàlẹ̀ 7 ṣe déédéé pẹ̀lú ìsàlẹ̀ A àtijọ́, ìsàlẹ̀ 4 ṣe déédéé pẹ̀lú ìsàlẹ̀ C. 4 ni wọ́n ń pè ní standard pass, 5 ni strong pass. Ẹ fi ìyàtọ̀ 4 àti 5 yìí sọ́kàn dáadáa, torí pé èyí tó bá gbé wọn ga nínú méjèèjì ni àwọn ilé ẹ̀kọ́ kan máa ń kọ sára pátákó iwájú géètì.

Èsì ọmọ kan ṣoṣo kò ṣòroó kà. Èsì odindi ilé ẹ̀kọ́ ló ń kó òbí láyà jẹ: òpó nọ́ńbà rẹpẹtẹ, orúkọ tí èèyàn kò gbọ́ rí, àwọ̀ ewé níbí, àwọ̀ pupa lọ́hùn-ún. Ọ̀pọ̀ wa á kàn mú nọ́ńbà tó tóbi jù, a ó ní ilé ẹ̀kọ́ yìí ló dáa. Èmi ò fara mọ́ ọn. Ìbéèrè méjì ló yẹ kó ṣáájú nọ́ńbà èyíkéyìí: ọmọ mélòó ni wọ́n kà, ibo sì ni àwọn ọmọ náà dé nínú ẹ̀kọ́ wọn kí wọ́n tó wọ ilé ẹ̀kọ́ yẹn?

Ibi tí èsì wà, àti ọdún tó ni ín

Ẹ wá "Compare school and college performance in England" lórí GOV.UK. Ọ̀fẹ́ ni. Ẹ tẹ postcode yín tàbí orúkọ ilé ẹ̀kọ́ síbẹ̀, gbogbo èyí tó wà ládùúgbò á jáde. Department for Education, ìyẹn ẹ̀ka ìjọba tó ń rí sí ètò ẹ̀kọ́, ló ń gbé e jáde, ó sì ti ń gbé irú àtẹ bẹ́ẹ̀ jáde láti 1992. England nìkan ló wà fún o. Ẹni tó ń gbé Cardiff tàbí Glasgow kò ní rí ilé ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, torí Wales àti Scotland ní ètò tiwọn.

Ẹ wo ọdún tí wọ́n kọ sókè kí ẹ tó ka ohunkóhun. Oṣù kẹjọ ni ọmọ ń gba èsì tirẹ̀, ṣùgbọ́n èsì ilé ẹ̀kọ́ kì í bá a jáde. Èyí tó kọ́kọ́ ń jáde ní apá ìparí ọdún, "provisional" ni wọ́n ń kọ sí i, torí pé ilé ẹ̀kọ́ ṣì lè jà pé wọ́n ka ọmọ kan mọ́ òun láìyẹ, tàbí pé wọ́n ti tún ìwé ọmọ mìíràn máàkì. Lọ́dún tuntun ni "revised" ń tẹ̀lé e. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kì í sábà pọ̀. Ọjọ́ 31 oṣù kẹwàá sì ni gbèdéke fífi orúkọ ọmọ sílẹ̀ fún ilé ẹ̀kọ́ girama, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó jẹ́ èsì ọdún tó kọjá lẹ máa fi pinnu. Kò burú. Ọdún kan ṣoṣo kì í sọ irú ilé tí ilé ẹ̀kọ́ jẹ́. Ọdún mẹ́ta ni kí ẹ wò.

Ẹ má wá 2020 àti 2021. Kòrónà dá ìdánwò dúró nígbà náà, olùkọ́ ló fún àwọn ọmọ ní gíréèdì, ìjọba kò sì gbé èsì ilé ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan jáde.

Àwọn lẹ́tà kan wà tí ẹ máa bá pàdé dípò nọ́ńbà. SUPP túmọ̀ sí pé àwọn ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn kò ju márùn-ún lọ, wọ́n bò ó kí ẹnikẹ́ni má baà mọ èsì ọmọ ọlọ́mọ. NE túmọ̀ sí pé kò sẹ́ni tó ṣe ìdánwò yẹn níbẹ̀. Kò sí èyí tó jẹ́ àbùkù nínú wọn.

Ẹ ka orí kí ẹ tó ka máàkì

Ilé ẹ̀kọ́ méjì, àwọn méjèèjì kọ ọ́ pé ìdá 60 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn ọmọ àwọn gba 5 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Àwọn ọmọ 180 ló ṣe ìdánwò ní ọ̀kan, ìyẹn ni pé 108 ló yege. Ní èkejì, 25 péré ni wọ́n, 15 ló yege. Bí ọmọ méjì bá ṣàìsàn lọ́jọ́ ìdánwò ní ilé ẹ̀kọ́ kejì yìí, 60 ti di 52 nìyẹn, olùkọ́ kankan kò sì ṣe nǹkan tó burú. Ní ilé ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, ọmọ méjì kò ní fa ìyàtọ̀ tó ojú lè rí.

Àwọn ta ni wọ́n ń kà? Ọmọ tí orúkọ rẹ̀ wà nínú ìwé ilé ẹ̀kọ́ nígbà ìkànìyàn oṣù kìíní, lọ́dún tó ń ṣe GCSE. Bí wọ́n bá ti rọra yọ ọmọ tí kò mọ̀wé kúrò kí oṣù kìíní tó dé, kò sí nínú àtẹ mọ́. Wọ́n ń pe ìwà yìí ní off-rolling, àwọn olùbẹ̀wò Ofsted sì ń ṣọ́ ọ. Àtẹ kò ní sọ ọ́ fún yín. Ẹ̀yin lẹ máa béèrè: nínú ẹgbẹ́ kan náà, ọmọ mélòó ló wọ Year 7 (ọdún kìíní girama), mélòó ló kù ní Year 11 (ọdún GCSE)? Bí 180 bá di 160, ẹ ní kí wọ́n ṣàlàyé. Ó lè jẹ́ pé àwọn òbí kó kúrò ní London torí owó ilé, ó sì lè jẹ́ nǹkan mìíràn. Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju eéje lọ.

Ìdẹkùn kan tún wà fún àwọn tó ń wo ilé ẹ̀kọ́ aládàáni. Ẹ lè rí ilé ẹ̀kọ́ tí owó rẹ̀ ń dẹ́rù bani, kí ẹ bá 0 níwájú orúkọ rẹ̀ ní òpó Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò. Kì í ṣe pé gbogbo wọn fìdí rẹmi. IGCSE, irú GCSE mìíràn, ni ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, ìjọba kò sì kà á mọ́ nínú àtẹ yìí. Èsì irú ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀, lọ́wọ́ àwọn fúnra wọn lẹ máa ti gbà á.

Attainment 8: ohun tí ọmọ gbà

Orúkọ rẹ̀ le, ìṣirò rẹ̀ kò le. Sọ́bújẹ́ẹ̀tì mẹ́jọ ni wọ́n ń kà fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n ìlọ́po méjì ni wọ́n ń ka Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò, ni gbogbo rẹ̀ fi di àyè mẹ́wàá. Ẹ jẹ́ ká mú ọmọ kan, ká pè é ní Tọ́lá.

Tọ́lá gba 6 nínú English Language, ó gba 5 nínú English Literature. Torí pé ó ṣe méjèèjì, èyí tó ga jù ni wọ́n sọ di ìlọ́po méjì: 12. Ó gba 7 nínú Ìṣirò, ìyẹn 14. Àyè mẹ́ta tó tẹ̀lé e jẹ́ ti àwọn ẹ̀kọ́ EBacc, ìyẹn sáyẹ́ǹsì, kọ̀ǹpútà, ìtàn, jọ́gíráfì àti èdè àjèjì. Combined science fún un ní 6 àti 6, ìtàn fún un ní 5, àpapọ̀ 17. Àyè mẹ́ta tó kẹ́yìn ṣí sílẹ̀ fún ẹ̀kọ́ èyíkéyìí tí ìjọba fọwọ́ sí: English Literature 5 tó ṣẹ́kù wọ ibẹ̀, Religious Studies 7 wọ ibẹ̀, BTEC (ìwé ẹ̀rí ẹ̀kọ́ iṣẹ́) eré ìdárayá tó ti gba Merit ní Level 2 náà wọ ibẹ̀, 5.5 ni wọ́n ka ìyẹn sí. Ó di 17.5. Ẹ ro 12, 14, 17 àti 17.5 pọ̀, 60.5 ni. Ẹ pín in sí mẹ́wàá, ẹ máa rí i pé Tọ́lá gba nǹkan bí 6 lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá gba 9 yíká á ní 90.

Ìpíndọ́gba gbogbo àwọn ọmọ ni wọ́n ń kọ fún ilé ẹ̀kọ́. Ní 2023 àti 2024, nǹkan bí 46 ni ti àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìjọba káàkiri England. Ẹ wo òpó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pẹ̀lú, èyí tó ń sọ iye àwọn tó gba 5 sókè nínú Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò pọ̀: nǹkan bí 45 nínú ọgọ́rùn-ún ni ti gbogbo ìlú. Òpó yìí ló sún mọ́ ọ̀rọ̀ credit tí a mọ̀ nílé jù lọ. Ọmọ tí kò bá gba 4 nínú ọ̀kan nínú méjèèjì, dandan ni kó máa kọ́ ọ lọ lẹ́yìn ọmọ ọdún 16, kóòsì yòówù kó mú.

Ohun tí Attainment 8 kì í sọ ni ibi tí ọmọ ti ń bọ̀. Ẹ̀yin tó wà ní Thamesmead mọ̀ pé Bexley tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín ní àwọn grammar school tó ń fi ìdánwò ṣa ọmọ lọ́mọ ọdún 11. Ọmọ tí wọ́n ti ṣà tẹ́lẹ̀, kí ló kù kó má gba máàkì gíga?

Progress 8: ibi tí ọmọ ti gbéra

Bí ẹnì kan bá gbéra n'Íbàdàn, tí ẹlòmíràn gbéra ní Ṣàgámù, tí àwọn méjèèjì kúrò nílé ní aago mẹ́jọ, tí wọ́n sì jọ dé Ọjọ́ta ní aago mẹ́wàá, a ò lè ní eré kan náà ni wọ́n sá. Ohun tí Progress 8 ń wọ̀n nìyẹn, láti 2016 ni wọ́n sì ti ń lò ó fún gbogbo ilé ẹ̀kọ́ girama ìjọba.

Wọ́n á mú èsì tí Tọ́lá gbà nígbà tó ń parí alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, ìyẹn ìwé kíkà àti Ìṣirò nínú SATs ti Year 6. Wọ́n á wá gbogbo ọmọ ní England tó gba irú máàkì bẹ́ẹ̀, wọ́n á wo Attainment 8 tí àwọn yẹn gbà ní ìpíndọ́gba. Ká ní 54.5 ni. Tọ́lá gba 60.5, ó fi 6 jù wọ́n. Ẹ pín 6 sí mẹ́wàá: 0.6. Ìyẹn ni pé lórí sọ́bújẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan, Tọ́lá fi ohun tó lé díẹ̀ ní ìdajì gíréèdì ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ gbéra. Ìpíndọ́gba gbogbo àwọn ọmọ inú ilé ẹ̀kọ́ ló ń di ti ilé ẹ̀kọ́. 0 ni àárín. Tó bá lé sókè, àwọn ọmọ ń ṣe ju bí a ṣe retí lọ. Tó bá jẹ́ òdì, wọn ò ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Ẹ má fo nọ́ńbà méjì tí wọ́n kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ní 0.2, tí wọ́n kọ "−0.1 sí 0.5" sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́, ohun tí wọ́n ń sọ ni pé àwọn ọmọ kò pọ̀ tó láti fọwọ́ sọ̀yà, pé òtítọ́ lè wà níbikíbi láàárín méjèèjì. Torí pé 0 wà láàárín wọn, "average" ni wọ́n máa pè é. Kí wọ́n tó pe ilé ẹ̀kọ́ ní "well above average", ó gbọ́dọ̀ ní 0.5 tàbí jù bẹ́ẹ̀, kí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ rẹ̀ sì ga ju 0 lọ. Nítorí náà, bí ìyá kan ní ṣọ́ọ̀ṣì bá ń yangàn pé ilé ẹ̀kọ́ ọmọ òun ní 0.24 nígbà tí tiyín ní 0.19, ẹ jẹ́ kó máa yangàn. Ìyàtọ̀ yẹn kò tó nǹkan.

Bí wọ́n bá ní kí n yàn láàárín ilé ẹ̀kọ́ tó ní Attainment 8 tó jẹ́ 53 pẹ̀lú Progress 8 tó jẹ́ −0.15, àti èyí tó ní 47 pẹ̀lú +0.4, èkejì ni èmi á kọ́kọ́ lọ bẹ̀ wò. Àwọn ọmọ tó ti mọ̀wé tẹ́lẹ̀ ló ń gbé ti àkọ́kọ́ ga. Síbẹ̀, Progress 8 kì í ṣe òrìṣà. Kò ka òṣì mọ́ ọn. Kò sì ka èdè: káàkiri England, àwọn ọmọ tí wọ́n ń sọ èdè mìíràn nílé máa ń ní Progress 8 tó ga ju 0 dáadáa, torí pé Gẹ̀ẹ́sì ọ̀pọ̀ wọn kò tíì délẹ̀ nígbà tí wọ́n ṣe SATs. Ilé ẹ̀kọ́ tó kún fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ á jèrè nínú rẹ̀, yálà olùkọ́ wọn ta yọ tàbí kò ta yọ. Ẹ wo òpó "disadvantaged" náà, níbi tí wọ́n ti ya àwọn ọmọ tó ti jẹ oúnjẹ ọ̀fẹ́ rí láàárín ọdún mẹ́fà sẹ́yìn sọ́tọ̀. Bí àwọn yẹn náà bá ń gòkè níbẹ̀, iṣẹ́ ń lọ.

Fún 2024/25 àti 2025/26, ẹ kò ní rí Progress 8 kankan. Àwọn ọmọ tó ṣe GCSE lọ́dún méjèèjì yìí ni wọn ò ṣe SATs ní 2020 àti 2021, kò sì sí ibi tí wọ́n fẹ́ fi ìbẹ̀rẹ̀ wọn sí. Ẹ padà sí ti 2022/23 àti 2023/24, kí ẹ sì fi Attainment 8 tuntun tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan bá ti yí olórí padà láàárín ìgbà yẹn, ẹ má gbára lé ti àtijọ́ jù.

BTEC àti àwọn ẹ̀kọ́ iṣẹ́

Láàárín wa, tí wọ́n bá ti dárúkọ BTEC, àwọn bàbá kan á fojú pọ́n bí ẹni pé wọ́n ní ọmọ wọn ti di ìsáǹsá. Ìtìjú yẹn kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀, àmọ́ ìtàn kan wà lẹ́yìn rẹ̀. Nígbà kan, ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ kan ṣoṣo lè jẹ́ GCSE mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ nínú àtẹ, àwọn ilé ẹ̀kọ́ sì ń ti ọmọ sínú rẹ̀ kí nọ́ńbà wọn lè ga. Ọ̀jọ̀gbọ́n Alison Wolf kọ ìròyìn fún ìjọba lórí ọ̀rọ̀ náà ní 2011, nígbà tó sì di àtẹ ti 2014, ìwé ẹ̀rí kan ti di GCSE kan, bó ti wù kó tóbi tó. Nínú Attainment 8, mẹ́ta ló pọ̀ jù tó lè wọlé. Síbẹ̀ wọ́n tún rí ọgbọ́n dá sí i: ìwé ẹ̀rí kọ̀ǹpútà ECDL gbòde kan láwọn ilé ẹ̀kọ́, ìgbà tí ìjọba yọ ọ́ kúrò nínú àtẹ ni gbogbo wọn pa á tì. Nítorí náà, tí ilé ẹ̀kọ́ bá fi ọmọ yín sí kóòsì iṣẹ́ ní Year 9 tàbí 10, ẹ béèrè bóyá nítorí ọmọ ni tàbí nítorí àtẹ.

Nípa gíréèdì rẹ̀, ní Level 2, Pass ń gba 4, Merit 5.5, Distinction 7, Distinction* 8.5. Ìràwọ̀ yẹn kì í ṣe ẹ̀ṣọ́, gíréèdì tó dá dúró ni.

Lẹ́yìn ọmọ ọdún 16

Níbí ni àwọn òpó ti ń pínyà: A level (ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ń fi wọ fásitì) lọ́tọ̀, applied general (irú àwọn BTEC kan) lọ́tọ̀, tech level àti T Level (àwọn ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ àti ti ilé iṣẹ́) lọ́tọ̀. Ẹ má fi ọ̀kan wé èkejì. Òpó kóòsì tí ọmọ yín fẹ́ ṣe gan-an ni kí ẹ kà, kódà bí ó bá jẹ́ èyí tó kéré jù lójú ewé náà. Kọ́lẹ́ẹ̀jì kan lè dára gan-an nínú iṣẹ́ iná mànàmáná kó sì máa fà sẹ́yìn nínú A level.

Fún A level, A* jẹ́ póìntì 60, A 50, B 40, wọ́n ń fi 10 já a wálẹ̀ títí dé E tó jẹ́ 10. Tí ẹ bá rí 34.5 pẹ̀lú C+ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé àárín C àti B ni ìpíndọ́gba wọn wà. Póìntì àtẹ nìyí o, kì í ṣe póìntì UCAS tí fásitì ń lò, níbi tí A* ti jẹ́ 56. Ẹni tó bá pa méjèèjì pọ̀ á ṣìrò. Ní UCAS, BTEC Extended Diploma tó gba Distinction* mẹ́ta jẹ́ 168, iye kan náà pẹ̀lú A* mẹ́ta. Àmọ́ fásitì ló ń pinnu ohun tó máa gbà: ẹni tó ń wá ìṣègùn òyìnbó, kó tètè ka ohun tí fásitì kọ sílẹ̀, torí ọ̀pọ̀ wọn kì í gba BTEC nìkan.

T Level bẹ̀rẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án 2020. Ọdún méjì ni, kóòsì kan tó tó A level mẹ́ta, ó sì ní ó kéré tán wákàtí 315 níbi iṣẹ́ gidi, ohun tí ọmọ póli nílé ń pè ní IT. Ẹ bi kọ́lẹ́ẹ̀jì léèrè ilé iṣẹ́ tí wọ́n ń rán àwọn ọmọ lọ. Ìjọba sì ń dáwọ́ owó dúró lórí àwọn BTEC kan tó jọ T Level, nítorí náà kóòsì tí èsì rẹ̀ dùn lórí àtẹ lè máà sí mọ́ nígbà tí ọmọ yín bá dé ibẹ̀.

Òpó tí mo fẹ́ràn jù níhìn-ín ni retention, iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀ kóòsì tí wọ́n sì wà níbẹ̀ títí dé òpin. Ìpíndọ́gba A level lè ga nítorí pé wọ́n ti lé àwọn tí kò dáńgájíá lọ. Ní 2017, àwọn òbí kan gbéra láti pe ilé ẹ̀kọ́ kan ní gúúsù-ìlà-oòrùn London lẹ́jọ́, torí wọ́n ní kí àwọn ọmọ tí èsì Year 12 wọn kò dára tó má padà wá. Ilé ẹ̀kọ́ náà gbà kí wọ́n padà kí ẹjọ́ tó délé. Lẹ́yìn retention, ẹ wo destinations: nínú àwọn tó jáde, mélòó ló wà lẹ́nu ẹ̀kọ́, iṣẹ́ tàbí ìkọ́ṣẹ́ fún ó kéré tán oṣù mẹ́fà. Ó máa ń pẹ́ ju èsì ìdánwò lọ, torí wọ́n ní láti dúró wo ibi tí àwọn ọmọ gbà lọ.

Ìgbà tí ẹ bá dé ibẹ̀

Ẹ kọ nọ́ńbà ilé ẹ̀kọ́ mẹ́ta tàbí mẹ́rin sínú ìwé kan, ti ọdún mẹ́ta, kí ẹ mú un dání lọ sí open evening. Ẹ má bi ọ̀gá àgbà nìkan. Ẹ wá olórí ẹ̀ka Ìṣirò lọ, kí ẹ ní, "Ẹ jọ̀ọ́, èsì yín ti 2023 rí báyìí, ti 2024 rí báyìí, kí ló yí padà?" Ẹni tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á dáhùn láìwo ọ̀tún wo òsì. Ẹ béèrè ohun tí wọ́n ń ṣe fún ọmọ tó wọlé pẹ̀lú máàkì bíi ti ọmọ yín, yálà ó ga tàbí ó kéré, torí ìpíndọ́gba ilé ẹ̀kọ́ kò mọ ọmọ yín.

Lẹ́yìn náà, ẹ kọ orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ sínú fọ́ọ̀mù bí ẹ ṣe fẹ́ wọn sí gan-an, èyí tó wù yín jù lókè. Ní London, mẹ́fà ni wọ́n gbà yín láyè láti kọ. Àwọn ilé ẹ̀kọ́ kì í rí ipò tí ẹ fi wọ́n sí, nítorí náà kò sí àǹfààní nínú fífi èyí tó rọrùn láti wọ̀ sípò kìíní. Fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ wọlé kí oṣù kẹwàá tó parí, ọjọ́ kìíní oṣù kẹta sì ni èsì rẹ̀ ń jáde.